Ẹsẹ̀ tó gbẹ, tó le, tó ń bó: kí ẹ tó ra kíríìmù, ẹ kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín dáadáa

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú dánfó láti Ojúẹlẹ́gba sí Yaba, tí ẹ fi yíápíìsì sétí, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ, torí pé dátà ti fẹ́ẹ̀ tán, ẹ̀yin náà ẹ kú ìfaradà.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Ẹsẹ̀ tó gbẹ, tó le bíi sáńpépà, tó ń bó funfun-funfun. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ báyìí. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin nìkan kọ́. Apòògùn ni mí. Ilé oògùn kan ní Mushin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹjọ rèé. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í wá dúró níwájú káńtà, kó wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó wá rọra sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ní fún ẹsẹ̀ tó ń bó?" Bí ẹni pé ó jalè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti oníbàárà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ti àbúrò mi ni, àti ti àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun.

"Mi ò lè bọ́ bàtà níwájú àwọn àna mi"

Àbúrò mi ọkùnrin ń fi ọ̀kadà gbé ọjà kiri fún àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yaba ló ti ń gbéra láàárọ̀, ó sì lè dé Fẹ́sítáàkì, kó dé Ìkòròdú, kó tó darí wálé ní Sùúrùlérè lálẹ́. Búùtù ló máa ń wọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí òjò bá pa á lójú ọ̀nà, inú búùtù tútù yẹn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wà títí iṣẹ́ á fi parí.

Lọ́jọ́ kan, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ nílé mi, mo rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti funfun, bí ẹni da àtíkè sí i. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun náà ò mọ̀, ó kàn gbẹ ni. Mo ní, "Lọ fi òrí pa á." Ó tán. Mi ò ní kó gbé e sókè kí n wò ó. Mi ò béèrè bóyá ó ń yún un. Mi ò wo ẹsẹ̀ kejì. Èmi tí mo máa ń ní sùúrù fún àlejò níwájú káńtà, mi ò ní sùúrù fún ọmọ ìyá mi. Ó dáa, ẹ má tíì dá mi lẹ́bi, ọ̀rọ̀ ṣì wà níwájú.

Ó fi òrí pa á. Kò lọ. Ó wá lọ ra kíríìmù kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn létí ọ̀nà. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń sọ pé kò sí ohun tí kì í wò: làpálàpá, èkúrú, egbò, gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ò yún un mọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó dá a dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún padà. Ó tún ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún oṣù mẹ́jọ, kò sì sọ fún mi, nítorí pé lójú rẹ̀, oògùn ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ tó wá pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí ẹsẹ̀ yìí. Ìdána wa ku oṣù mẹ́ta. Mi ò lè bọ́ bàtà níwájú àwọn àna mi."

Ẹ̀yin náà mọ bí ìdána wa ṣe ń rí. Ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bọ́ bàtà, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alága ìjókòó á ní àyà wọn ò tíì kanlẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe. Bí ènìyàn bá sì dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ ló wà nílẹ̀; àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọjú sí gbogbo àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Ẹ tún wá fi fóònù ogójì tó ń ya fídíò kún un.

Mo ní kó máa bọ̀ wálé mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó dé, mo tan iná fóònù, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi, mo wò ó bó ṣe yẹ kí n ti wò ó láti ọdún tó kọjá. Gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń bó, ó sì gun ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn wọ bàtà pẹlẹbẹ. Láàárín ọmọ ìka kẹrin àti èyí tó kéré jù, awọ ti funfun, ó rọ̀, ó là. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ti nípọn, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹsẹ̀ òsì náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ." Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ń bó, ti òsì mọ́ lóló.

Bẹ́ẹ̀ ni mo dákẹ́. Ẹsẹ̀ méjì, ọwọ́ kan. Wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì pé bí a bá rí i bẹ́ẹ̀, ká má ronú nípa gbígbẹ lásán mọ́. Làpálàpá ni.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀?

Ẹ jẹ́ ká lọ tààrà. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń mú kí ẹsẹ̀ gbẹ kó sì le. Mo máa ka márùn-ún tó wọ́pọ̀ fún yín. Kí n tó kà á, ẹ fi ohun kan sọ́kàn: ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ máa kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń sọ pé ojú ibẹ̀ á pupa. Awọ òyìnbó ni wọ́n ń sọ. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè dúdú ju ibi tó kù lọ, ó lè rí bí eérú, ó sì lè rí bí àwọ̀ àlùkò. Ẹ má dúró de pupa.

Èkíní ni gbígbẹ lásán. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa ń mú. Gìgísẹ̀ ló máa ń le jù, ó sì lè là. Kì í sábà yún ènìyàn. Ó máa ń burú sí i nígbà ọyẹ́, àti lára ẹni tó ń wọ sílípáàsì tó ṣí gìgísẹ̀ sílẹ̀, tàbí ẹni tó ń dúró ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Tí ẹ bá fi ìpara sí i déédéé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa rí ìyàtọ̀.

Èkejì ni làpálàpá ẹsẹ̀. Èyí tó máa ń wà láàárín ọmọ ìka máa ń funfun, ó máa ń rọ̀, ó ń yún, ó sì lè rùn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń tan ènìyàn jẹ ni ti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó gbẹ ni. Ó ń bó bí ìyẹ̀fun, ó sì máa ń dúró sínú àwọn ilà àtẹ́lẹsẹ̀. Ó lè má yún rárá. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ kan, tàbí kí ẹsẹ̀ kan burú ju èkejì lọ. Ẹ wo èékánná: bó bá ti nípọn, tó pọ́n, tó ń fọ́, ẹ fura. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ẹ wo ojú abẹ́ itan náà, nítorí ibi tí ọwọ́ bá ti họ ẹsẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń gbé e lọ. Bí ẹ bá sì wọ pátá kí ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀, pátá á gba ẹsẹ̀ kọjá, á gbé e gòkè. Ẹni tó bá ní in lẹ́sẹ̀, kó kọ́kọ́ wọ ìbọ̀sẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni eczema, pàápàá èyí tó ń wá láti ara ohun tó kan awọ. Ó ń yún gan-an. Òkè ẹsẹ̀ ló máa ń wà, kì í sábà jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí: bó bá ya àwòrán okùn sílípáàsì yín sí ẹsẹ̀ méjèèjì, bàtà yẹn ló ń bá yín jà. Ó lè jẹ́ rọ́bà rẹ̀, ó lè jẹ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ó sì lè jẹ́ kẹ́míkà tí wọ́n fi ṣe awọ rẹ̀. Kò sí kíríìmù tó máa tán an tí ẹ bá ṣì ń wọ bàtà náà.

Ẹ̀kẹrin ni psoriasis. Kì í ràn. Ó máa ń nípọn, etí rẹ̀ máa ń hàn gbangba, ìpẹ́ rẹ̀ máa ń funfun tàbí kó rí bí eérú. Ẹ wo ìgúnpá, orúnkún àti awọ orí. Ẹ wo èékánná ọwọ́, bóyá ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Tí ẹ bá rí àwọn wọ̀nyí, iṣẹ́ dókítà awọ ara ni, kì í ṣe ti káńtà mi.

Ìkarùn-ún ni ojú ibi tí ènìyàn ń họ ṣáá. Ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀ ló sábà máa ń wà. Ó dúdú, ó nípọn bí awọ ìlù. Bó ṣe ń yún, lẹ ń họ ọ́. Bẹ́ ẹ ṣe ń họ ọ́, ló ń nípọn. Bó ṣe ń nípọn, ló ń yún sí i. Ó dà bí gbèsè orí fóònù, ẹ ń fi tuntun san ti àtijọ́.

Kíríìmù mẹ́ta-nínú-ọ̀kan

Ẹ jẹ́ ká padà sí kíríìmù àbúrò mi, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. Ẹ yí páálí irú kíríìmù bẹ́ẹ̀ padà, kí ẹ ka orúkọ kéékèèké tó wà lẹ́yìn. Ẹ máa rí oògùn mẹ́ta: èyí tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, bíi clotrimazole tàbí ketoconazole, èyí tó ń pa kòkòrò bakitéríà, bíi neomycin tàbí gentamicin, àti steroid, bíi betamethasone tàbí clobetasol. Àwọn steroid yìí kì í ṣe ọmọdé oògùn. Clobetasol yẹn wà lára ohun tí àwọn tó ń bóra ń lò.

Kí ni steroid ń ṣe? Yíyún tí ẹsẹ̀ ń yún yín, ara yín ló ń bá àlejò jà. Steroid máa ń pa ara yín lẹ́nu mọ́. Ìjà dúró, yíyún dúró, ojú ibẹ̀ á rọ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ò tíì lọ. Ó dà bí ìgbà tí olè wọ pálọ̀, tí ẹ wá ju ẹran sí ajá yín kó má baà gbó mọ́. Ilé dákẹ́ lóòótọ́. Olè ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé tí wọ́n bá dá kíríìmù náà dúró, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀, á sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá ti pẹ́, làpálàpá ọ̀hún ò ní rí bí làpálàpá mọ́. Òrùka rẹ̀ á ti parẹ́, á rí jákujàku, dókítà pàápàá lè ṣì í mú. Awọ tí wọ́n ń fi steroid yìí pa lójoojúmọ́, pàápàá ti abẹ́ itan àti ti ojú, á fẹ́lẹ́, á sì lè fà bí ti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Mi ò sọ pé steroid ò dáa o. Fún eczema àti psoriasis, òun gan-an ni dókítà sábà máa ń kọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé oògùn tó dáa fún èkíní lè ba èkejì jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń ṣe yín kí ẹ tó fi nǹkan sí i.

Àyẹ̀wò tí kò gba ẹ̀jẹ̀

Mo ní kí àbúrò mi dá kíríìmù náà dúró, mo sì ní kó lọ rí dókítà awọ ara. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ pé LUTH ní Ìdí-Àràbà, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Mushin àti Sùúrùlérè, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú awọ ara. LASUTH ní Ìkẹjà náà ní in. Ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ rọra ha awọ tó ń bó. Kò dùn yín. Wọ́n á kán potassium hydroxide sí i, oògùn yẹn á yọ́ awọ kúrò, fọ́ńgọ́ọ̀sì nìkan á kù. Tí wọ́n bá wá wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ohun kékeré tóbi, wọ́n á rí i bí okùn wẹ́wẹ́ tó ní ẹ̀ka. Tó bá wà níbẹ̀, iyèméjì tán. Ẹ má fi kíríìmù làpálàpá kankan pa ojú ibẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí ó lè mú kí fọ́ńgọ́ọ̀sì sá pamọ́ fún àyẹ̀wò.

Ti àbúrò mi jáde, ó wà níbẹ̀.

Ìtàn bàtà díẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan dá yín lára yá. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó sábà máa ń fa irú èyí ni Trichophyton rubrum. Àwọn onímọ̀ gbà pé Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà, àwọn erékùṣù Indonesia, apá àríwá Australia àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níbí ló ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn baba ńlá wa ní làpálàpá lára, ṣùgbọ́n kì í sábà mú wọn lẹ́sẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn àtàwọn sójà wọn dé, tí wọ́n wọ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ nínú ooru, ibẹ̀ ló ti rí ilé tuntun. Ní ìparí ọ̀rúndún 19 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, wọ́n gbé e padà sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn ará Amẹ́ríkà wá sọ ọ́ ní ẹsẹ̀ eléré ìdárayá.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń fà á. Ooru, òógùn àti bàtà tó sé ló ń gbé e ró. Ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ lè ní in. Nítorí náà, ẹ yé e fi ẹlẹ́sẹ̀ bíbó ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìtọ́jú: ẹ gbé bírò

Bó bá jẹ́ gbígbẹ lásán: ẹ rẹ ẹsẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi òkúta ìforẹsẹ̀ rọra ra á, ẹ má bínú sí i. Ẹ nù ún, kó má tíì gbẹ tán, ẹ fi ìpara tó ní urea 10% sí 25% sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí owó ò bá sí, òrí tó mọ́ tàbí Vaseline ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti ti omi mọ́ inú awọ. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú sùn. Ẹ má fi bíléèdì gé gìgísẹ̀. Ẹ má fi urea tàbí ìpara tó ń ta sínú ibi tó ti là tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Vaseline ló yẹ ibẹ̀ títí yóò fi padé.

Bó bá jẹ́ làpálàpá: ẹ ra kíríìmù tó ní oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì nìkan. Clotrimazole 1% wà, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Terbinafine 1% wà, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì máa ń yá jù. Ẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ nù ún gbẹ dé àárín ọmọ ìka, kí ẹ tó fi í sí i. Ẹ fi kọjá etí ibi tó ń bó ní bí ìbú ìka kan, nítorí fọ́ńgọ́ọ̀sì ti rìn kọjá ibi tí ojú yín rí. Tó bá jẹ́ clotrimazole, ẹ máa fi í lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i lẹ́yìn tí ojú ibẹ̀ bá ti mọ́. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti ju túùbù sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Oògùn àtijọ́ kan ṣì wà tí kò wọ́n, Whitfield. Arthur Whitfield, dókítà awọ ara ní Ìlú Ọba, ló ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20: benzoic acid 6% àti salicylic acid 3%. Ó ń bó awọ tó nípọn kúrò, ó sì ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì jà. Ó máa ń ta díẹ̀, ẹ má fi í sí ojú egbò tàbí abẹ́ itan.

Tó bá ti mú gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí èékánná, kíríìmù nìkan kì í sábà ká a. Oògùn ẹnu ni, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́, nítorí ó kan ẹ̀dọ̀, ó sì lè bá oògùn mìíràn tí ẹ ń lò jà. Ti èékánná ẹsẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Bàtà náà ní láti gba ìtọ́jú. Ẹ ní bàtà méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn, kí ọ̀kan sinmi fún ọjọ́ kan gbáko kó gbẹ. Ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra òkìríkà ní Yaba, mo wà pẹ̀lú yín, èmi náà ń rà á. Ẹ yọ téńté inú rẹ̀ dànù, ẹ nu inú rẹ̀, ẹ sá a dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ń ṣe àlùwàlá lẹ́nu iṣẹ́, ẹ mú aṣọ ìnulẹ́sẹ̀ kékeré dání, ẹ nu àárín ọmọ ìka kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé ilé onílé-ìwẹ̀-kan, ẹ wọ sílípáàsì wọ balùwẹ̀. Ẹ má ṣe yá ara yín ní táwẹ́ẹ̀lì.

Mo sì bẹ̀ yín, omi bátìrì kì í ṣe oògùn. Epo bẹntiróò kì í ṣe oògùn. Jik kì í ṣe oògùn. Mo ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi omi bátìrì jó dé ẹran. Làpálàpá ti lọ lóòótọ́. Awọ náà bá a lọ.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dúró

Ìyá kan tó ń ta ata nítòsí wa wá ra ìpara fún gìgísẹ̀ tó là. Mo ti kọ́ ọgbọ́n lára àbúrò mi nígbà náà, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ìṣó pínńṣín kan wà nínú ibi tó là náà. Wọn ò mọ̀ ọ́n lára rárá. A wọn ṣúgà wọn, ó ti lọ sókè gan-an. Ilé ìwòsàn ni mo fi ìpara wọn rán wọn lọ. Mo dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ṣì fi ń rìn wá kí mi.

Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí òbí yín ní in, gbogbo ibi tó bá là lẹ́sẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ dókítà. Àtọ̀gbẹ máa ń gbẹ òógùn ẹsẹ̀, ó sì ń pa ìmọ̀lára rẹ̀, egbò kékeré lè di ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ gé ẹsẹ̀. Ẹ máa bá wọn wo àtẹ́lẹsẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ tún sáré lọ tí ẹsẹ̀ bá wú, tó gbóná, tó ń ṣọyún, tàbí tí ibà bá bá a dé. Tí àbàwọ́n kan bá wà lára tí ẹ ò mọ nǹkan lára níbẹ̀, ẹ lọ yẹ ti ẹ̀tẹ̀ wò. Ẹ má bẹ̀rù: ó ń san, oògùn rẹ̀ sì ti jẹ́ ọ̀fẹ́ káàkiri àgbáyé láti 1995. Bí ìtọ́jú làpálàpá bá sì tó oṣù kan láìsí ìyàtọ̀, ẹ má pààrọ̀ kíríìmù mọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ọjọ́ ìdána

Ẹ ó fẹ́ mọ bó ṣe parí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó dá kíríìmù náà dúró, gbogbo rẹ̀ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń yún un lóru, ó ń pè mí lóru. Mo ní kó fara dà á. Dókítà fún un ní oògùn ẹnu àti kíríìmù. Ó ra ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti búùtù kejì. Nígbà tó pé oṣù kan, ọwọ́ ti mọ́. Nígbà tó pé oṣù méjì, àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń dán.

Èékánná ò tíì mọ́ o. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hù tán, ti rẹ̀ ṣì ní ìdajì tó pọ́n. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, ó ṣàlàyé ohun tó jẹ́ àti ìdí tí àwọn ò fi ní máa pín táwẹ́ẹ̀lì. Ìyàwó ní, "Ṣé èyí ni o ń fi pamọ́ fún mi látọdún yìí?" Ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà tirẹ̀, ó ní kó wá bá òun wo gìgísẹ̀ òun.

Lọ́jọ́ ìdána, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Alága ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ó ní kò tó, kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Gbogbo ènìyàn ń wo aṣọ òkè wọn, èmi ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ìyá mi. Ó mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ tan iná fóònù yín, kí ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín, àárín ọmọ ìka yín, àti èékánná yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ti ẹnìkan nínú ilé, pàápàá ti màmá àti bàbá yín. Ẹ má ṣe bí mo ṣe ṣe tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá mọ ẹnìkan tí kì í fẹ́ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ níwájú ènìyàn, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ó máa yé e.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa rìn dáadáa o.